Ta Ló Ṣe É? Orúkọ àti Ọwọ́ Nínú Dígí Aláwọ̀ ti Tiffany

Bí ẹnì kan bá sọ pé "Bàbá Àlàbí kọ́lé sí Bódìjà," kò sẹ́ni tó máa rò pé Bàbá Àlàbí ló po sìmẹ́ǹtì. Obìnrin tó bá ní "mo dirun lánàá" kò sọ pé òun fúnra òun ló di orí ara òun. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ náà sì máa ń wí pé "mo rán aṣọ," nígbà tó jẹ́ pé télọ̀ ló rán an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi rí á rántí àríyànjiyàn tí a máa ń ṣe lórí irú gbólóhùn báyìí. Ipò olùwà nínú èdè wa gba ẹni tó ní iṣẹ́, ó gba ẹni tó sanwó iṣẹ́, ó sì gba ẹni tó fọwọ́ ṣe iṣẹ́. Àyíká ọ̀rọ̀ ló ń jẹ́ ká mọ èwo ni èwo. Bí àyíká ọ̀rọ̀ bá ti sọnù, bí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bá ti kú, olùwà kan ṣoṣo tó kù lórí ìwé ló máa kó gbogbo iyì lọ.

Ohun tó gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ yìí lónìí ni dígí aláwọ̀. Àwọn kan nínú yín tó wà lókè òkun máa ń bá irú dígí ọlọ́nà àtijọ́ báyìí pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù: ìkòkò òdòdó tí ara rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà bí ọrùn ẹyẹlé, tàbí fìtílà tí ìbòrí rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé dígí tí wọ́n tò pọ̀. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí kì í ju méjì lọ: ta ló ṣe é, àti níbo ló ti wá? Ìbéèrè méjì yẹn dà bíi pé wọ́n rọrùn. Mo fẹ́ fi ìtàn ilé iṣẹ́ kan, ti Louis Comfort Tiffany ní New York, ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi rọrùn, àti ìdí tó fi yẹ ká ṣe wàhálà lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan sí ipò rẹ̀. Èyí tí a fi ń wo ojú, dígí ni. Ti ojú fèrèsé, dígí ni. Èyí tí a ń fi sójú kàwé náà, dígí ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Níhìn-ín, ohun tí a fi ṣe gbogbo wọn ni mò ń pè bẹ́ẹ̀: yanrìn tí wọ́n yọ́ nínú iná líle pẹ̀lú sódà tàbí pọ́táṣì, àti àwọn èròjà mìíràn tó ń mú kó le. Ohun tí wọ́n bù sí i ló ń fún un láwọ̀. Kóbáàtì máa ń sọ ọ́ di búlúù, bàbà lè sọ ọ́ di àwọ̀ ewé tàbí pupa, wúrà gidi díẹ̀ a máa fún un ní pupa tó jinlẹ̀, uranium a sì fún un ní àwọ̀ ewé-òun-ìyeyè tó máa ń tàn yòò lábẹ́ iná ultraviolet.

Ọkùnrin tó ni orúkọ

Ọdún 1848 ni wọ́n bí Louis Tiffany. Bàbá rẹ̀, Charles Lewis Tiffany, wà lára àwọn tó dá ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye sílẹ̀ ní New York ní 1837, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tiffany & Co. títí dòní. Ọmọ kò bá bàbá jókòó sídìí wúrà. Àwòrán kíkùn ló kọ́, ó wá yí sí ṣíṣe ilé àwọn olówó lọ́ṣọ̀ọ́, láti ibẹ̀ ló ti kó sínú ọ̀rọ̀ dígí. Ní 1881 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí ọ̀nà tó gbà ń lo irú dígí kan tó ń dán bíi wàrà tí a bu omi là. Ṣùgbọ́n John La Farge, ayàwòrán mìíràn ní ìlú kan náà, ti gba ìwé tirẹ̀ lórí irú dígí bẹ́ẹ̀ ní 1880. Àwọn méjèèjì di olórogún. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìjà "èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é" ti wà nínú ìtàn yìí.

Ní 1893 ìléru Tiffany bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Corona, ní agbègbè Queens. Ẹni tó fi ṣe olórí ibẹ̀ ni Arthur J. Nash, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti Stourbridge wá, ìlú tí iṣẹ́ dígí ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún dígí wọn: Favrile. Ara ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, "fabrile," ni wọ́n ti fà á yọ, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni "faber" ti èdè Látìn, tó túmọ̀ sí oníṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kí òǹrajà gbọ́ nínú orúkọ yẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i: orúkọ tó ń yin ọwọ́ ló wá bo ọwọ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tó mú dígí yìí lókìkí jù ni dídán rẹ̀. Dígí ará Róòmù tó bá ti wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé, ojú rẹ̀ máa ń jẹra ní ìpele tín-ín-rín tín-ín-rín, ìmọ́lẹ̀ á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, bí ó ti máa ń rí nígbà tí epo bẹntiróòlù bá dà sórí omi òjò. Tiffany fẹ́ràn dígí àtijọ́ wọ̀nyẹn gan-an. Àwọn oníṣẹ́ ìléru mọ bí wọ́n ṣe lè rí ohun tó jọ ọ́ láìdúró de ẹgbẹ̀rún ọdún: wọ́n á fẹ́ iyọ̀ tin tàbí ti irin mìíràn sára dígí nígbà tó ṣì ń gbóná janjan, awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á sì bo ojú rẹ̀. Kì í ṣe New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe èyí. Wọ́n ti ń tà á ní Vienna àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1870.

Òǹtẹ̀ abẹ́ ìkòkò

Ẹni tó bá gbé ìkòkò òdòdó Tiffany, ìdí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yí sókè. Níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín "L.C.T." tàbí "L.C. Tiffany Favrile" sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà, àti lẹ́tà kan níwájú tàbí lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Ó parí, àbí? Kò tíì parí o. Ìwọ̀n ohun tí òǹtẹ̀ yẹn sọ kò ju pé ẹnì kan fín lẹ́tà mẹ́ta sórí dígí.

Ẹ rántí pé nígbà tí Tiffany kú ní 1933, kò sẹ́ni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sí mọ́. Ilé iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè ní 1932. Ní 1935, Egon Neustadt, dókítà eyín tó ti Austria wá, àti ìyàwó rẹ̀ Hildegard, ra fìtílà Tiffany kan ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù ní Greenwich Village ní dọ́là 12.50. Ta ló máa jókòó ṣe ayédèrú ohun tó ń lọ ní irú iye bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ojú tún yí padà sí i láti nǹkan bí 1960, tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ni àwọn oníṣẹ́ ibi jí. Ní 2018, fìtílà kan ṣoṣo lọ ní ọjà gbàǹjo ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà lọ. Ní ọjà yìí, orúkọ gan-an ló di wúrà, ẹni tó bá sì ní abẹ́rẹ́ lè fín in.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ní ọ̀nà kan tí ẹ̀yin onímọ̀ èdè á fẹ́ràn. Ìkòkò tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lórí tábìlì, ìdí rẹ̀ á ti ha níbi tó ti ń fara kanlẹ̀. Ẹ wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí àwọn ìlà híha bá gun orí òǹtẹ̀ kọjá, òǹtẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí híha tó dé. Bí òǹtẹ̀ bá gé àwọn ìlà híha, ẹnì kan fín in síbẹ̀ lẹ́yìn tí ìkòkò ti darúgbó. Ohun tí a ń ṣe nínú èdè náà nìyí, nígbà tí a bá ń bi ara wa pé èwo ló ṣáájú nínú ìyípadà ìró méjì.

Àwọn tí irú òǹtẹ̀ ayédèrú yìí ṣẹ̀ jù ni àwọn ará Bohemia. Ní Klostermühle, abúlé kan tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ Johann Loetz Witwe, ìyẹn "opó Johann Loetz," ń ṣe dígí dídán tó gba ẹ̀bùn ńlá ní àfihàn àgbáyé ní Paris ní 1900. Susanna, opó náà, ló di ilé iṣẹ́ mú lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Max von Spaun, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló wá gbé e dé òkè téńté. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú dígí Loetz ni kò ní òǹtẹ̀ kankan. Ẹni tó fẹ́ purọ́ kàn nílò láti fín "L.C.T." sí ìdí rẹ̀, dígí tí wọ́n ṣe ní Bohemia á sì di ará Amẹ́ríkà.

Kí ló wá gba Loetz sílẹ̀? Bébà ni. Àwọn àwòrán tí ilé iṣẹ́ náà yà sórí bébà, tó fi bí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ṣe rí hàn pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kò ṣègbé nígbà tí ilé iṣẹ́ kógbá wọlé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1989 wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde pẹ̀lú ìwé ìwádìí ńlá. Láti ìgbà náà, èèyàn lè gbé ìkòkò tí kò lórúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kó wò ó bóyá ó bára mu. Ìwádìí báyìí ló jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ọjà ń pè ní Loetz, ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni: Kralik, Rindskopf, Pallme-König. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ti pẹ́ lábẹ́ òjìji orúkọ kan ṣoṣo.

Àlùbọ́sà àti ìdodo

Ìṣòro mìíràn wà tó ju ayédèrú lọ. Àwọn oníṣẹ́ máa ń ṣí kiri. Ní 1901, Martin Bach àti Thomas Johnson, tí wọ́n ti bá Tiffany ṣiṣẹ́, lọ dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní New York, wọ́n pè é ní Quezal. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Martin Bach ọmọ kó ìmọ̀ yẹn lọ sí ilé iṣẹ́ Durand ní Vineland, New Jersey, ní àárín àwọn ọdún 1920. Ní Corning, Frederick Carder, òun náà ọmọ agbègbè Stourbridge bíi Nash, gbé dígí dídán kan jáde ní ilé iṣẹ́ Steuben ní 1904, ó pè é ní Aurene. Tiffany pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1913, wọ́n sì padà fi ẹjọ́ náà sílẹ̀.

Báwo la ṣe máa wá mọ Quezal yàtọ̀ sí Tiffany, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló ṣe é? Ẹ jẹ́ ká lo àlùbọ́sà. Yorùbá ní "àlùbọ́sà," Hausa ní "albasa," ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní tó máa torí àlùbọ́sà sọ pé ọmọ ìyá ni Yorùbá àti Hausa. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ẹsẹ̀ ọjà ló bá rìn. Dídán bíi wúrà náà, àlùbọ́sà ni. Ẹni tó bá ti mọ iye iyọ̀ tí wọ́n ń fẹ́ sí i lè ṣe é, nítorí náà kò lè ṣe ẹ̀rí bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí oníṣẹ́ ń ṣe láìronú ni ẹ̀rí tó lágbára. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹnu ìkòkò parí iṣẹ́, ọ̀pá irin kan ni wọ́n fi ń di ìdí rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá yọ ọ̀pá yẹn, àpá kan máa ń kù síbẹ̀ bí ìdodo. Ilé iṣẹ́ kan á lọ̀ ọ́ tán pátápátá, òmíràn á fi í sílẹ̀ ní págunpàgun, òmíràn á dì í bíi bọ́tìnnì kékeré. Bí ẹnu ìkòkò ṣe nípọn tó, bí ó ṣe wúwo lọ́wọ́, àwọ̀ tó máa hàn bí ẹ bá gbé e sí iwájú iná, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan tó tó ṣe ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ń sọ ohun kan náà, tí òǹtẹ̀ wá bá wọn fohùn ṣọ̀kan, nígbà náà ni kí ẹ gba òǹtẹ̀ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé òǹtẹ̀ ni kó wò kẹ́yìn.

Ti fìtílà tún rí báyìí náà. Irin kékeré kan tí wọ́n tẹ "Tiffany Studios New York" sí sábà máa ń wà ní etí ìbòrí, ṣùgbọ́n èèyàn lè yọ irin, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Dígí gan-an ni kí ẹ wò. Tiffany ní oríṣiríṣi dígí pẹlẹbẹ: èyí tó ká bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́, èyí tó ní tótòtó bí ara àmọ̀tẹ́kùn, èyí tí wọ́n fọ́n ègé àwọ̀ sí lára. Nínú fìtílà tòótọ́, kò sí ègé tí wọ́n gé láìwo ibi tí àwọ̀ ti ń dúdú tàbí ń mọ́lẹ̀. Ewé kan lè bẹ̀rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù kó parí sí àwọ̀ ìyeyè, kó jẹ́ ègé kan ṣoṣo. Wọ́n á wá fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí etí ègé kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n á to gbogbo rẹ̀ sórí igi tí wọ́n gbẹ́ bí ìbòrí náà, wọ́n á sì fi òjé yíyọ́ so wọ́n pọ̀. Ayédèrú lè rí òjé, ó lè rí bàbà. Ojú tó yan ègé yẹn ló ṣòro rí.

Ojú ta ni?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìdáhùn tí gbogbo èèyàn ń fún ìbéèrè yìí ni pé ojú Tiffany ni. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀, mùsíọ́mù kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọjà gbàǹjo tà á bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti gbọ́ pé àwọn obìnrin ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ wọ́n kà wọ́n sí ọwọ́ tó ń ṣe ohun tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n ṣe.

Ní Tallmadge, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí Clara Wolcott ní 1861. Ó dé ọ̀dọ̀ Tiffany ní 1888. Ó fẹ́ Francis Driscoll, ó sì ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí òfin ilé iṣẹ́ náà ni pé obìnrin tó bá ti lọ́kọ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1892, ó padà. Òun ló wá ń darí ẹ̀ka àwọn obìnrin tó ń gé dígí. Nígbà tó fẹ́ ọkọ mìíràn ní 1909, ó tún lọ, kò sì padà mọ́. Ó kú ní 1944. Orúkọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ fìtílà kankan.

Clara a máa kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ohio. Lẹ́tà gígùn ni, tí wọ́n á máa fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì nínú ẹbí. Díẹ̀ nínú wọn wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Kent State ní Ohio, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ onítàn Queens. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Martin Eidelberg, Nina Gray àti Margaret Hofer, ló kà wọ́n pẹ̀lú ojú tó mọ ohun tó ń wá. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ yí ìtàn padà. Clara ń ròyìn fún ìyá rẹ̀ bí òun ṣe ń ronú sí fìtílà lámilámi, bí òun ṣe ń ya òdòdó, iye tí yóò náni láti ṣe é, ìjíròrò pẹ̀lú àwọn tó ń ṣírò owó. Fìtílà lámilámi yẹn wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn ní Paris ní 1900. Wisteria, tí ọ̀pọ̀ kà sí orí iṣẹ́ Tiffany, tirẹ̀ ni. Ní 2007 àwọn mẹ́ta yìí gbé àfihàn kan kalẹ̀ ní New-York Historical Society, níbi tí fìtílà tí Neustadt kó jọ wà, wọ́n sì fi orúkọ Clara Driscoll sí àkọlé rẹ̀.

Inú lẹ́tà àti ìwé ìgbà náà la tún ti rí ìjà. Ní 1903, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń gé dígí, tí wọn kì í gba obìnrin, fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ fèrèsé àti fìtílà lọ́wọ́ ẹ̀ka Clara. Àwọn obìnrin náà kò lọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ gbà láti fi òté lé iye wọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ta ló ṣe é kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olùgbà-nǹkan-àtijọ́-jọ nìkan. Oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọge kan wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

Wàyí o, mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe ohun tí mo ti rí tí àwọn kan ń ṣe láti 2007, kí ẹ pa orúkọ Tiffany rẹ́, kí ẹ kọ Clara sí ipò olùwà kan náà. Gbólóhùn "Clara ló ṣe é" náà, ìrú "Bàbá Àlàbí kọ́lé" ni. Lẹ́tà rẹ̀ gan-an ló ń dárúkọ àwọn tó bá a ṣe é, bí Alice Gouvy. Àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ka rẹ̀ ló ń yan ègé dígí, tí wọ́n ń gé e. Ọkùnrin ló ń fi òjé so ó, ọkùnrin ló ń rọ ìdí fìtílà. Agnes Northrop, tí wọ́n bí ní 1857, ń ya àwòrán fèrèsé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fèrèsé kan tó jẹ mọ́ orúkọ rẹ̀ lọ ní ọjà gbàǹjo ní 2024 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 12 dọ́là. Nídìí ìléru, Nash ló mọ bí wọ́n ṣe ń po dígí. Leslie, ọmọ rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 pé wọn kò fún bàbá òun ní iyì tó tọ́ sí i. Ọmọ ló ń jẹ́rìí fún bàbá, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bẹ́ ẹ bá ń kà á. Tiffany pẹ̀lú kì í ṣe olè. Òun ló ń náwó, òun ló fẹ́ kí ewé rí bí ewé, àwòrán Clara sì ní láti kọjá lójú rẹ̀ kó tó di fìtílà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó jẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ nìkan dúró.

Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú "ta ló ṣe é": ta ló ni ilé iṣẹ́, ta ló ronú bí yóò ṣe rí, ta ló fọwọ́ ṣe é, ta ló po dígí? Òǹtẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń dáhùn ẹyọ kan ṣoṣo. Èkejì àti ẹ̀kẹta, bébà ló dáhùn wọn. Ẹ̀kẹrin, dígí fúnra rẹ̀ ló máa ń dáhùn rẹ̀ nígbà mìíràn, àwa gan-an sì jàǹfààní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun ó rí àpáàdì ìkòkò tí dígí aláwọ̀ ṣì dì mọ́ nínú. Kò gbà pé baba ńlá àwọn tó bá níbẹ̀ ló ni ọgbọ́n tó rí ní Ifẹ̀. Ó lọ ń wá Atlantis kiri. Ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e gbà pé dígí òkèèrè ni Ifẹ̀ ń rà, tó ń tún yọ́. Kò sí òǹtẹ̀ lábẹ́ sẹ̀gi, kò sì sí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kọ sí ìyá rẹ̀. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren fi àyẹ̀wò èròjà hàn pé púpọ̀ nínú dígí Ifẹ̀ ní òkúta ẹfun àti alumina ní ìwọ̀n tí a kò bá nínú dígí Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá. Abidemi Babatunde Babalola wá gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpáàdì ìkòkò ìyọ́dígí, ó sì fi ọjọ́ orí iṣẹ́ náà sí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti po ó láti inú yanrìn. Orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tó po ó ti lọ, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ ti padà sí ipò olùwà.

Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà yẹn kò ní bébà. Àwa ní. Ìyá Clara àti àwọn àbúrò rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni wọ́n ń tọ́jú. Lẹ́tà ọmọ wọn ni wọ́n kàn kó pa mọ́. Ẹ̀yin tí ìyá yín ta aró, tí bàbá yín gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí ẹ̀gbọ́n yín ya àwòrán fún ọ̀gá tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ẹ wá àpótí ìwé wọn lọ́sẹ̀ yìí kí ẹni tó fẹ́ tún ilé kùn tó dà á nù. Bẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú gègé: ta ló ni ín, ta ló ronú rẹ̀, ta ló fọwọ́ ṣe é, ọdún wo.